Èékánná Bàbá Lórí Léètì Àna

Lọ́jọ́ tí a sin Bàbá àgbà wa ní Ìjerò, gbogbo ẹni tó gba gbohùngbohùn nínú ṣọ́ọ̀ṣì ló ń sọ pé Tísà Onírin kò parọ́ rí láyé rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ títí, àwọn èèyàn ń mi orí, àwọn obìnrin kan tiẹ̀ ń nu ojú. Àwa ọmọ-ọmọ rẹ̀ jókòó síwájú, a tẹ orí ba. Ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìtìjú ló tẹ orí tèmi ba. Bàbá fúnra rẹ̀ ti kìlọ̀ fún wa lórí ibùsùn pé a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe òun ní aláìlẹ́bi lójú òkú òun. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi Káyọ̀dé, Káyọ̀dé ń wo bàtà rẹ̀. Kò sí ẹni tó dìde nínú wa, a sì sin ín pẹ̀lú orúkọ tí kò fẹ́.

Ẹnì kan wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà tó lè tú àṣírí náà. Ọ̀gbẹ́ni Òjó, ará Ayétòrò, dúró sí ìdí ilẹ̀kùn láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn dé òpin. Wọ́n na gbohùngbohùn sí i, ó mi orí, ó sì jáde lọ dúró lábẹ́ igi. Ohun tí Òjó mọ̀ ni mo fẹ́ kọ síbí, ṣùgbọ́n kò ní yé yín tí ẹ kò bá kọ́kọ́ mọ irú èèyàn tí bàbá yìí jẹ́.

Iṣẹ́ irin ni Bàbá fi ṣe tísà káàkiri àwọn ilé-ìwé iṣẹ́ ọwọ́, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ti sọ ọ́ ní Tísà Onírin. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó padà sílé, ó kọ́ ṣọ́ọ̀bù kékeré sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì gbé léètì rẹ̀ sínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ léètì, ẹ̀rọ tó máa ń di irin mú lẹ́nu ni, tí yóò máa yí i bírí-bírí, tí ọ̀bẹ yóò sì máa bó o lára títí yóò fi rí róbótó bí a ṣe fẹ́. Ti Bàbá kò tóbi, orí tábìlì ló wà. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, ó máa ń fi òróró pa á lára, kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ pè é títí yóò fi ṣe tán. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo dàgbà sí, nítorí iṣẹ́ ń gbé àwọn òbí mi kiri, mo sì mọ òórùn òróró yẹn ju òórùn lọ́fínńdà èyíkéyìí lọ.

Èékánná àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ gùn ju ìyókù lọ. Kì í gé e, ńṣe ló máa ń rọra fi fáìlì tó fi ń ha irin ha á kó má baà sán. Èékánná yìí ló fi ń wo gbogbo nǹkan láyé. Tí wọ́n bá gbé abọ́ ọbẹ̀ síwájú rẹ̀ lálejò, yóò kọ́kọ́ fi èékánná tọ etí abọ́ náà yípo. Tí ẹnì kan bá ra àga tuntun, Bàbá yóò ti ha á lábẹ́ kí wọ́n tó ní kó jókòó. Màmá àgbà, kó tó kú, máa ń rìn ṣíwájú rẹ̀ dáadáa lọ́jà, ká má baà mọ̀ pé ọkọ òun ni ọkùnrin tó ń ha ìdérí ìkòkò gbogbo wò lẹ́yìn yẹn. Ó ní kó gé èékánná yẹn, ó ní ó ń dójú ti òun. Bàbá wò ó, ó ní, "Ojú mi ti darúgbó, ìyàwó. Èékánná mi kò tíì darúgbó."

Èmi náà ti jìyà rẹ̀. Nígbà tí mo ríṣẹ́ ìjọba sí Adó, mo ní kó bá mi lọ ra firíìjì. Ṣọ́ọ̀bù náà kún. Bàbá ní kí wọ́n so firíìjì mọ́ iná, ó yọ rúlà onígi rẹ̀ jáde nínú báàgì, ó fi ìdí rẹ̀ kan ara firíìjì, ó sì gbé etí lé orí rẹ̀. Báyìí ló ṣe máa ń gbọ́ ohùn ẹ̀rọ. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó di ojú, fìlà rẹ̀ sì wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn ọmọ tó ń tajà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn. Mo yí ojú sí ibi tí wọ́n to páńkà sí, bí ẹni pé páńkà ni mo wá rà. Ó gbé orí sókè níkẹyìn, ó sọ ọ́ ketekete lójú gbogbo oníbàárà pé, "Ó ń kérora."

Ti ṣọ́ọ̀ṣì ló burú jù. Wọ́n ra jẹnẹrétọ̀, wọ́n gbàdúrà sí i, wọ́n fi òróró sí i lórí, wọ́n wá ní kí Bàbá, gẹ́gẹ́ bí àgbà nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, sọ̀rọ̀ ìyànjú díẹ̀. Ó dìde, ó lọ bẹ̀rẹ̀ síwájú jẹnẹrétọ̀ náà, ó fi èékánná ha á ní ìsàlẹ̀ ibi tí kò sẹ́ni tó ń wò. Àwọ̀ mìíràn yọ lábẹ́ àwọ̀. Ó kọjú sí ìjọ, ó ní kí wọ́n dá a padà fún ẹni tó tà á. Alága ìgbìmọ̀ tó lọ rà á kò kí wa mọ́ títí tí wọ́n fi pa á láṣẹ fún un láti orí àga ìwàásù. Wọ́n bi Bàbá léèrè ìdí tí kò fi lè rọra pe alága sẹ́yìn kó sọ fún un. Ó ní, "Wọ́n ní kí n sọ ohun tí mo rí. Mo rí ọ̀dà, mi ò rí ẹ̀rọ."

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kékeré kan wà tó ṣòro láti gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni "Ó dáa." Mo gba ipò kìíní wálé láti ilé-ìwé, ó ka ìwé náà síwá sẹ́yìn, ó ní òun ti rí i. Mo mú ọkọ tí mo fẹ́ fẹ́ wálé, ó bi í léèrè ohun tó ń fi ọ̀sán Sátidé ṣe, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ wò nígbà tó ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì ní ká máa wò ó ná. A ti bímọ, àwọn ọmọ ti ń lọ sílé-ìwé, ọkọ mi ṣì máa ń bi í tẹ̀rín-tẹ̀rín bóyá òun ti dáa báyìí. Bàbá á ní, "A ṣì ń wò ọ́."

Ẹni tí Bàbá bá sọ fún pé ohun kan dáa, ó parí fún un nìyẹn, ó lè lọ sùn. Gbogbo Ìjerò dé Ìlórò ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Ọ̀gbẹ́ni Òjó fi wá bá a.

Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni Òjó ṣe ní Ìbàdàn títí tó fi fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ó ti kọ́ iṣẹ́ léètì díẹ̀ nígbà èwe, ìfẹ́ rẹ̀ kò sì kúrò lára rẹ̀. Ó fẹ́ ra léètì kékeré kan tí yóò gbé sínú gáréèjì ilé rẹ̀ ní Ayétòrò, kó máa fi ṣe ṣáàfù fún ẹ̀rọ tí àwọn obìnrin fi ń rin ẹ̀gẹ́. Ṣáàfù ni irin gbọọrọ tí ẹ̀rọ náà ń yí lé lórí. Tí kò bá rí bọ̀rọ́ láti orí dé ìdí, gbogbo ẹ̀rọ ni yóò máa gbọ̀n. Bàbá fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó bi í bí ilẹ̀ gáréèjì ṣe rí, bóyá símẹ́ńtì ni tàbí erùpẹ̀, nítorí léètì tí ilẹ̀ rẹ̀ bá ń mì kò ní gé nǹkan gidi. Ó bi í irú iná tó wọ ilé rẹ̀, kó má lọ ra ẹ̀rọ tí iná ilé lásán kò lè yí. Ó bi í gígùn ṣáàfù tó fẹ́ máa ṣe. Ó ní kó má sọ iye tí wọ́n fẹ́ tà á fún òun títí òun yóò fi rí i, ọ̀rọ̀ owó máa ń dí òun létí. Òjó ní òun ti rí ẹnì kan ní Ẹ̀fọ̀n tó fẹ́ ta tirẹ̀, ojú ń dùn ún ni kò fi lè ṣe é mọ́. Bàbá ní, "Ó tán. Ṣadé yóò gbé wa lọ."

Èmi ni Ṣadé. Mo gbé wọn lọ.

Káyọ̀dé ń múra ìgbéyàwó nígbà náà, Ẹ̀fọ̀n ló sì ti fẹ́ fẹ́yàwó. A ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ó ku ìdána. Ẹsẹ̀ ń dun Bàbá lọ́jọ́ tí wọ́n lọ mọ ilé àna, èmi sì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Adó, nítorí náà kò sí ẹni tó mọ ilé náà nínú àwa tí a wà nínú ọkọ̀. Bísí, ọmọbìnrin náà, nìkan ni a mọ̀, ó ti wá kí wa nílé. A dé ibi tí Òjó júwe, ọkùnrin kan jáde tó di ojú díẹ̀ kó tó lè rí wa, a bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni Bísí gbé omi jáde. Ó rí Bàbá, ó kúnlẹ̀ tòun ti àwo omi lọ́wọ́, ó ní, "Bàbá wa, ẹ káàbọ̀. Bàbá mi, àwọn bàbá Káyọ̀dé nìyí."

Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ àna ṣe rí. Àwa ni a ń tọrọ ọmọ. Ẹni tó ń tọrọ ọmọ kì í yẹ àga àna wò, kì í sọ pé ọbẹ̀ wọn kò níyọ̀. Bàbá ju Bàbá Bísí lọ dáadáa ní ọjọ́ orí, síbẹ̀ ó ti ń tẹríba, ó ti ń nawọ́ sílẹ̀, Bàbá Bísí náà ń dì í mú pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rò pé a óò padà sílé pẹ̀lú àwáwí. Ṣùgbọ́n inú Bàbá Bísí dùn gan-an. Ó yọ aṣọ kúrò lórí léètì, ó fi ọwọ́ nù ún. "Ẹ̀rọ yìí ni mo fi tọ́ ọmọ tí ẹ fẹ́ gbà lọ yìí, Bàbá," ló wí. "Ìwé tó kà, inú ibí ló ti jáde. Ara mi ì bá yá gágá, mi ò jẹ́ tà á."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀rù sì bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí, nítorí mo mọ ẹnu rẹ̀. Ó di ẹnu ẹ̀rọ náà mú, ó mì í sókè sílẹ̀, kò mì. Ó ní kí wọ́n tàn án, ó gbé etí lé rúlà rẹ̀, ó tẹ́tí. Ó yí ọwọ́ ẹ̀rọ síwájú sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló wá fi èékánná lé irin ìsàlẹ̀, èyí tí ọ̀bẹ máa ń rìn lórí rẹ̀ lọ bọ̀. Ó ti kọ́ mi láti kékeré pé ibẹ̀ ni àṣírí léètì àlòkù wà: ibi tó súnmọ́ ẹnu ẹ̀rọ ló máa ń kọ́kọ́ jẹ, kó sì wọnú díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Èékánná náà ń lọ, ó ń lọ, nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ẹnu ẹ̀rọ, ó dúró. Mo rò pé ẹ̀yìn ló ń dùn ún.

Ohun kan tún wà tó máa ń ṣe. Ó máa ń gbé ọ̀pá irin kan dání, yóò gé e lórí ẹ̀rọ náà, yóò sì wọn orí àti ìdí rẹ̀. Tí ìwọ̀n méjèèjì kò bá dọ́gba, ẹ̀rọ ti jẹ. Báàgì rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ọ̀pá náà sì wà nínú rẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀ mú un. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ hánkíṣífù, ó wo Bísí tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó wo bàbá rẹ̀, ó kọjú sí Òjó, ó ní, "Ó dáa."

Nígbà tí a ń padà bọ̀, Òjó sọ̀kalẹ̀ ní Aràmọkọ láti lọ kí ẹnì kan. Ó ku èmi àti Bàbá. Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin. Mo ní, "Bàbá, ẹ ṣé o. Ẹ ò jẹ́ kí ojú tì wá lónìí." Ó ti ká àtàǹpàkò rẹ̀ sínú ọwọ́. Ó ní, "Máa wo ọ̀nà."

A gbé ìyàwó, ayẹyẹ kọjá. Bísí wọlé, ó sì bá wa mu. Òjó náà gbé léètì rẹ̀ sílé, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin fi ń dá ṣáàfù padà. Orí kan tóbi, orí kejì tín-ín-rín, bíárìn, òrùka irin tó yẹ kó di í mú, kò dúró lára rẹ̀, ẹ̀rọ ń gbọ̀n, ẹ̀gẹ́ ń dà sílẹ̀. Òjó kò fura sí léètì rárá, ṣé Tísà Onírin ti ní ó dáa. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fura sí. Ó wá bẹ Bàbá pé kó wá máa kọ́ òun níṣẹ́ lọ́tun.

Bàbá sì ń lọ. Ibi tó ń dùn mí nìyí tí mo bá rántí. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀, yóò gun ọ̀kadà lọ sí Ayétòrò, yóò dúró ti ọkùnrin náà, yóò máa kọ́ ọ bí a ṣe ń pọ́n ọ̀bẹ, bí a ṣe ń di irin mú, bí a ṣe ń yí ọwọ́ ẹ̀rọ jẹ́jẹ́. Gbogbo wa ń yìn ín nílé pé àánú rẹ̀ pọ̀. Kì í jẹun tó bá dé. Ó máa ń lọ jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láìtan iná. Mo bi í lọ́jọ́ kan bí Òjó ṣe ń ṣe sí. Ó ní, "Òjó ń gbìyànjú ju bó ṣe yẹ lọ."

Ó di ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo gbé e lọ fúnra mi. A bá obìnrin kan níbẹ̀, Màmá Ayọ̀, tó ní ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ nítòsí ọjà. Ó ti gbé ṣáàfù kan lé orí tábìlì, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní òun yóò máa ra tòun láti Adó, kí wọ́n má bínú. Nígbà tó lọ tán, Òjó jókòó, ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Ẹ bá mi wá ẹni tí yóò ra léètì yìí, sà," ló wí. "Kálámù ti ba ọwọ́ mi jẹ́. Mo ń yọ yín lẹ́nu lásán. Ìyàwó mi ti sọ ọ́, mi ò gbọ́."

Bàbá wà lórí ìdúró. Ó ní, "Ọwọ́ rẹ kọ́, Òjó."

Òjó rò pé ó ń tù ú nínú ni, ó ń mi orí. Bàbá mú ọwọ́ rẹ̀, ó na àtàǹpàkò rẹ̀ jáde, ó fi lé irin ìsàlẹ̀ léètì náà, ó sì fà á díẹ̀díẹ̀ títí èékánná Òjó fi kọ́ nǹkan. "Urin náà ló jẹ níbí," ló wí, ó fi èdè Ìjerò pe irin. "Kò sí bí o ṣe fẹ́ ṣe ṣáàfù gígùn lórí rẹ̀ tí yóò rí bọ̀rọ́. Mo rí i lọ́jọ́ tí a lọ rà á. Àna mi ló ni í, mo ní ó dáa."

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Òjó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ Bàbá, kò já a, ó rọra yọ ọ́ ni. Ó ní, "Ẹ sì ń wá kọ́ mi ní gbogbo ọ̀sẹ̀."

"Mo ń wá kọ́ ọ," ni Bàbá wí.

"Mo ti ń rò pé ọjọ́ ogbó dé sí mi lọ́wọ́. Mo ti ń dìde lóròòwúrọ̀ láti wo bóyá ó ń gbọ̀n."

Òjó wọlé, ó gbé omi jáde fún wa, ó sì padà wọlé, kò jáde mọ́. A mu omi náà, a sì bọ́ sínú ọkọ̀. Mo ti mọ ojú títì nítorí bàbá yìí ní ṣọ́ọ̀bù, lọ́jà àti ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni gbogbo ìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọjọ́ náà. Nígbà tó ń sọ òótọ́, ojú ń tì mí. Ó wá sọ irọ́ kan ṣoṣo nítorí tiwa, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ó pe àwọn agbérù, ó ní kí wọ́n gbé léètì tirẹ̀, èyí tó ń fi òróró pa lára ní gbogbo Sátidé, lọ sí Ayétòrò, kí wọ́n sì gbé èyí tó ti jẹ wá sílé. Ó fi òróró pa á kó tó kúrò nílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Sátidé kọ́. Káyọ̀dé sáré wá láti ibi iṣẹ́. Kì í ṣe ti léètì ló bá wá. Ó gbọ́ pé Bàbá fẹ́ lọ sí Ẹ̀fọ̀n lọ sọ fún bàbá ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú.

"Kí lẹ fẹ́ lọ sọ, Bàbá? Pé wọ́n ta ọjà burúkú fún èèyàn? Ìyàwó mi wà nílé, oyún ló wà nínú rẹ̀. Ẹ ti fún Òjó ní ẹ̀rọ gidi. Ẹ jẹ́ kó parí síbẹ̀."

"Mi ò lọ fi ẹnikẹ́ni sùn. Tèmi ni mo fẹ́ lọ sọ."

"Àna wa ni!"

Bàbá wá fìlà rẹ̀ títí, ó rí i, ó dé e. Ó ní, "Urin ò mọ àna, Káyọ̀dé."

Èmi náà ni mo gbé e lọ. Nínú ṣọ́ọ̀bù òfìfo yẹn, níbi tí àpá ẹsẹ̀ léètì ṣì wà nílẹ̀, Bàbá àgbà mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọkùnrin tó lè jẹ́ ọmọ rẹ̀. Fìlà rẹ̀ yí lọ sábẹ́ tábìlì. Ó ní òun rí àbùkù ẹ̀rọ wọn, òun sì fi irọ́ bò ó, pé ìyẹn náà jẹ́ àfojúdi sí wọn, nítorí òun hùwà bí ẹni pé wọn kò lè gbọ́ òótọ́. Bàbá Bísí ń gbìyànjú láti gbé e dìde, kò lágbára tó, òun náà bá kúnlẹ̀ tì í. Ó ní òun ti mọ̀ láti ọdún pípẹ́ pé ibẹ̀ ti jẹ, ìdí nìyẹn tí òun fi ń ṣe kìkì àwọn nǹkan kúkúrú lórí rẹ̀. Ó ti wà lẹ́nu òun láti sọ fún Òjó lọ́jọ́ náà. "Ṣùgbọ́n ẹ ti sọ pé ó dáa, Bàbá," ló wí. "Báwo ni mo ṣe fẹ́ já yín nírọ́ níwájú ẹni tó mú yín wá?"

Báyìí ni àwọn àgbàlagbà méjì ṣe bọ̀wọ̀ fún ara wọn títí tí ọkùnrin kan ní Ayétòrò fi ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ láàárọ̀ bóyá ó ń gbọ̀n. Mi ò mọ ẹni tó tún lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ láyé, àfi àwa.

Òjó lo léètì rere náà, iṣẹ́ rẹ̀ sì gún. Ó ń kí Bàbá bí wọ́n bá pàdé, ṣùgbọ́n kò wá sílé wa mọ́, Bàbá kò sì rọ̀ ọ́. Bàbá tẹ̀ síwájú lórí èyí tó ti jẹ. Bọ́ọ̀ṣì kúkúrú, ìyẹn òrùka irin tí ṣáàfù ń yí nínú rẹ̀, ìdérí, ọwọ́ ilẹ̀kùn, irú ìyẹn ló ń ṣe, ẹni tó bá sì wọlé, yóò kọ́kọ́ fi ibi tó jẹ hàn án kó tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó dáa" kò tún jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́ rárá. Nígbà tí àìsàn gbé e dè, nọ́ọ̀sì kan bi í bóyá ara ti dáa díẹ̀. Ó ní, "Ẹ bi ẹlòmíràn."

Lẹ́yìn ìsìnkú, Káyọ̀dé fẹ́ sọ ṣọ́ọ̀bù náà di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ọ̀rọ̀ dé etí tísà kan ní Ìlórò tó ń wá léètì kékeré fún ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó sì wá wò ó. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Èmi, Káyọ̀dé àti Bísí la mú un wọlé. Ó wo ẹ̀rọ náà bí ẹni tó ń wo ohun mímọ́, kò tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀. "Mi ò ní dán an wò," ló wí. "Léètì Tísà Onírin kọ́? Gbogbo wa la gbọ́ lọ́jọ́ ìsìnkú. Ẹ ṣáà sọ fún mi pé ó dáa, ó tán."

Káyọ̀dé wo ìyàwó rẹ̀, ó sì gbójú kúrò. Mo mọ ohun tó ń rò, nítorí òun ni èmi náà ń rò: ẹ̀rọ bàbá Bísí ni, ta ni yóò lajú rẹ̀ sílẹ̀ bú u lójú ọmọ? Ìtìjú àtijọ́ yẹn tún ń gun ọrùn mi bọ̀ wá sójú. Èmi ni mo sì la ẹnu. Mo ní, "Ṣé ẹ rí i, sà, ẹ̀rọ yìí..."

Bísí kọjá níwájú mi. Ó mú ọwọ́ ọkùnrin náà bí ẹni tó mú ọwọ́ ọmọdé, ó na àtàǹpàkò rẹ̀ jáde, ó fi lé irin náà. "Ẹ rọra fà á wá síbí, sà," ló wí. "Ẹ dúró. Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Èmi ni mo máa ń nù ún nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ẹ̀rọ yìí ni wọ́n fi tọ́ mi. Kò dáa fún ohun gígùn."

Tísà Ìlórò tún fi èékánná fà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó gbé ojú sókè, ó wo àwọn àwòrán Bàbá lára ògiri, ó wo Bísí, ó wá wò mí. "Ṣé Tísà mọ̀?" ló bi mí.

"Ó mọ̀," ni mo wí. "Ó sì sọ fún ẹnì kan pé ó dáa."